Àwọn Iwin Inú Ìkòkò Tíì, ní Ilé Ọmọ Mi ní Niu Yọ́ọ̀kì

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Ìṣẹ́yìn ni ẹ̀yin ará ilé ti ń bi mí pé báwo ni Amẹ́ríkà ti rí. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní a dúpẹ́. Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo ní ìlú náà tóbi, òtútù rẹ̀ sì pọ̀. Ìdáhùn ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè mọ́ ni ìwọ̀nyí, wọn kò sì yẹ mí, nítorí ẹ mọ̀ mí sí ẹni tí í sọ̀rọ̀ dé ìdí rẹ̀. Mo ti gbé tábìlì mi sún mọ́ fèrèsé báyìí. N ó sọ ohun tí ojú mi rí.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú gba àkókò yín. Ohun tí mo bá lọ ni kí ẹ mọ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ọdún méje ti kọjá tí Àbẹ̀ní, ìyàwó mi, ti sùn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀, àbígbẹ̀yìn wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Niu Yọ́ọ̀kì, bí ọmọbìnrin kan. Orí tẹlifóònù ni mo ti sọ ọmọ náà ní Yétúndé. N kò fojú kàn án rí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ọmọ náà kí mi lẹ́ẹ̀kan péré ní èdè ìyá àgbà tí a tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kí èmi náà tó sùn. Oṣù mẹ́ta ni ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún mi. Mo rò pé ó ti pọ̀ jù.

Káàbọ̀ sí inú ìkòkò

Ọ̀sán ni èmi àti Fúnmi dé Queens Village, níbi tí ó ń gbé. Àdúgbò onílé pákó ni. Ilé kọ̀ọ̀kan ní koríko díẹ̀ níwájú, tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí irun orí ọmọ ilé-ìwé. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ bà mí lẹ́rù. Kò sí ẹni tí ó jókòó síta, kò sí ẹni tí ó bèèrè pé àlejò ta ni èyí.

Fúnmi ṣí ilẹ̀kùn. “Bàbá, ẹ rọra o, àtẹ̀gùn kékeré kan wà níbẹ̀ yẹn.”

Mo gbé ojú sókè, mo sì rí ọmọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iwájú orí Àbẹ̀ní ni iwájú orí rẹ̀. Bí Àbẹ̀ní ti máa ń gbé ọwọ́ kan sí ìbàdí bí ó bá ń wo àlejò, bẹ́ẹ̀ ni ó gbé e. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ní, “Yétúndé, Àbẹ̀ní mi, wá.” Kò wá. Ó ju ọwọ́ sí mi bí ẹni tí ń kí ọkọ̀ tó ń kọjá, ó sì la ẹnu.

Gẹ̀ẹ́sì ni ó jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tí mo ti gbọ́ ní pápákọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó tí ó kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń sọ, tí àwa náà máa ń fi imú sọ nígbà tí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ó ní, “Káàbọ̀ sí ilé wa inú ìkòkò tíì, Bàbá Àgbà. Jọ̀wọ́, má tẹ àwọn olú mọ́lẹ̀.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín bí ó ti wí i ni, n kò lè fi ọ̀wọ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni Fúnmi wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í. “Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ ọ. Eré kan wà tí wọ́n ń ṣe wá láti ìlú Ọba, ìyẹn ló gba orí ẹ̀.”

Mo wo eré náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Eré àwòrán ni, tí a yà fún àwọn ọmọdé. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n ní ìyẹ́, wọ́n ní idán, wọ́n sì ń gbé inú ìkòkò tíì kan tí ẹnu rẹ̀ ti ya, tí ẹnìkan gbàgbé sí ìdí igi nínú ọgbà. Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí í tọ́jú idán gbogbo wọn sínú ìkaraun ìgbín. Ọmọbìnrin kékeré kan wà tí ó dé fìlà aláwọ̀ ìyeyè, tí kò mọ̀ ọ́n fò dáadáa, tí í máa já lu nǹkan. Òun ni ààyò Yétúndé. Ohùn rẹ̀ ni Yétúndé ń sọ.

Fúnmi kì í sí nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí ó tó yọjú. Àwọn iwin yìí ni ó bá mi tọ́ ọmọ ọmọ mi.

Bí wọ́n ti ń kí ènìyàn níbẹ̀

Ará ibẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù bí àwọn kan ti máa ń wí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àjèjì. Wọ́n á di ilẹ̀kùn mú fún ọ kí o kọjá. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aládùúgbò kan, ọkùnrin gíga kan tí ó gbé kọ́ọ̀pù kọfí lọ́wọ́, bi mí bóyá àlàáfíà ni mo wà. Mo ṣí fìlà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ fún un pé orúnkún ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n oorun mi dára, mo sì ń múra láti béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ti wọ mọ́tò. Mo dúró lórí koríko pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, bí ẹni tí a fi ṣe ère.

Oúnjẹ wọn pẹ̀lú kì í dúró. Búrẹ́dì wọn dùn bí àkàrà òyìnbó, kò sì ní ara. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó di ẹ̀kún ọwọ́ kan. Fúnmi, Ọlọ́run bù kún un, ń se ẹ̀fọ́ tí a kó jáde láti inú yìnyín, ó ń ro àmàlà nínú ìkòkò tí kò wúwo tó, mo sì ń jẹ ẹ́ tán kí inú rẹ̀ lè dùn. Yétúndé a jókòó ní iwájú mi pẹ̀lú makaróònì tí a da wàràkàṣì yíyọ́ lé lórí. Mo na òkèlè kan sí i lọ́jọ́ kan. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ohùn oní-fìlà-ìyeyè, ó ní àwọn ará inú ìkòkò kì í jẹ ohun tí ó dúdú.

Mo ti gbé ìwé kíkà mẹ́fà wá fún un, ìwé Yorùbá aláwòrán tí mo fúnra mi yàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bá wọn ní ilẹ̀. Ó ti ṣí wọn ní agbede méjì, ó gbé wọn nàró, ó fi wọ́n ṣe ògiri fún ìkòkò tíì kan tí ó gbé láti inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára. N kò lè bá a wí.

Ìyẹ́ láti Fordham

Ní ìparí oṣù kẹwàá, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń wọ aṣọ iwin àti ti ẹranko, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé gba súìtì. Yétúndé fẹ́ ìyẹ́. Fúnmi mú wa lọ sí Fordham, ní ìhà Bronx, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti fara kan ṣọ́ọ̀bù, tí orin sì ń jáde láti ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ara mi balẹ̀ ní ìlú náà, nítorí ariwo wà.

Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni ó ń ta àwọn ìyẹ́ náà. Bí ó ti rí i pé mo fi ọwọ́ ti ògiri, ó yíjú sí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀, tí kò ju Yétúndé lọ. Ó sọ nǹkan fún un ní èdè Sípéènì. Ọmọ náà dáhùn ní èdè kan náà, ó dìde, ó sì fa àga wá fún mi.

“Ó ní kí ẹ jókòó, Bàbá,” ni Fúnmi wí. “Ó ń pè yín ní bàbá àgbà.”

Mo jókòó. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí àwọn méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àṣẹ ni èkíní, ìdáhùn sì ni èkejì. Ohun tí mo rìn la òkun kọjá wá tọrọ nìyẹn, ẹni tí ó ní in kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Nígbà tí Yétúndé wọ ìyẹ́ rẹ̀ tí ó ń fò káàkiri láàárín aṣọ tí wọ́n fi kọ́, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n

Mo kọ́kọ́ sọ ìtàn egbére fún un, ẹ̀dá kúkúrú tiwa tí í gbé ẹní rẹ̀ kiri inú igbó tí í sì ń sunkún láìdákẹ́. Ìyá rẹ̀ ń túmọ̀. Yétúndé bèèrè pé kí ló dé tí ó ń sunkún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni a bá a. Ó bèèrè bóyá ó ní ìyẹ́. Mo ní rárá. Ó ní ìdí nìyẹn, ó sì padà sí ìdí tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà náà ni èrò kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé rìmóòtù, mo pa ohùn eré náà, mo fi àwòrán sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ní Yorùbá, ohùn wíwúwo fún alágbàtọ́jú idán, ohùn tínrín fún oní-fìlà-ìyeyè. Yétúndé sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ bá wa parí rẹ̀: eré kan lójúmọ́ fún Bàbá Àgbà, ìyókù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Nínú eré àwọn ará ìlú Ọba yìí, ọmọ kékeré a fò wọlé bá àgbàlagbà, kò ní kí i, á kàn pariwo pé atẹ́gùn ti gbé ọmọrí ìkòkò lọ. N kò lè fi ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀. Ní ẹnu mi, oní-fìlà-ìyeyè a kọ́kọ́ kúnlẹ̀. A ní, “Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú òtútù yìí. Ṣé ara le?” Alágbàtọ́jú idán a dáhùn pé, “Kú àbọ̀, ọmọ mi. A dúpẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́?” Kí n tó béèrè àwọn àbúrò tán, ọmọrí ti já sí inú omi, òjò ti wọ inú ìkòkò, gbogbo wọn sì ti fò lọ.

“Bàbá Àgbà, ó ti lọ,” ni Yétúndé máa ń wí ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí á sì na ìka sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Lójoojúmọ́. “Ó ti lọ.”

“Bàbá, ẹ fo ìkíni yẹn,” ni Fúnmi gbà mí nímọ̀ràn. “Ẹ kàn sọ ti ọmọrí.”

“Kí n fo ìkíni? Kí n fi ẹnu ara mi kọ́ ọmọ ní àìlẹ́kọ̀ọ́?”

“Eré ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀ pé eré ni.”

Mo gbìyànjú láti gé e kúrú. Ahọ́n mi kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi lépa àwọn iwin náà kiri ojú tẹlifíṣọ̀n, n kò sì bá wọn lẹ́ẹ̀kan.

Stapleton, àti ọ̀rọ̀ orí omi

Ezekiel Àlàbí, tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ń gbé Stapleton, ní etí omi ní erékùṣù Staten Island. Ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Fúnmi mú mi lọ kí i.

“Ọ̀gá àgbà!” ni ó fi igbe ta láti ẹnu ọ̀nà, ipò tí mo wà ní ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. “O ṣì ń na ọrùn! Ṣé o wá kí wa ni, àbí o wá yẹ ilé-ìwé Amẹ́ríkà wò?”

“Mo wá wò ó bóyá o ti mọ ìṣirò.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti gba oyè yunifásítì, jáde wá, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó kí mi ní Yorùbá. Gbogbo ohùn rẹ̀ wà ní ìpele kan, pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Àlàbí yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń dán. “O gbọ́? O gbọ́ bó ṣe kí ẹ?” Mo ní mo gbọ́. Ìlara mú mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Nígbà tí ọmọ náà jáde, mo ròyìn Yétúndé fún un. Ó ní, “Èmi náà bínú títí. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá rédíò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ o: ta ló kọ́kọ́ lé Yorùbá jáde nínú ilé? Àwọn ọmọ yìí ni?”

Lórí ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé wa padà, gbogbo ènìyàn dìde lọ ya fọ́tò ère ńlá tí ó dúró láàárín omi. Èmi àti Fúnmi nìkan ni ó kù lórí bẹ́ǹṣì. Ìbínú ọ̀rọ̀ Àlàbí ṣì wà ní àyà mi, mo sì gbé e lé ọmọ mi lórí. Mo ní òun ni ó ba ọmọ náà jẹ́. Mo ní ìyá tí kò bá ọmọ rẹ̀ sọ èdè rẹ̀, kí ni ó kù tí ó ń fún un?

Fúnmi kò gbé ohùn sókè. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Mọ́ńdè sí Fúráídè, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin yẹn nínú ilé wa. Ẹ ní mo máa wọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ ò fẹ́ kí ọmọ ọ̀gá àgbà fèìlì. Ọjọ́ tí mo ní ebi ń pa mí ní Yorùbá, ẹ ní kí n lọ kọ ọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún pé n kò ní sọ èdè ìbílẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́. Mọ́mì nìkan ló ń bá mi sọ ọ́, nínú kíṣíìnì, tí á ti ilẹ̀kùn. Tí Yétúndé bá pè mí, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣe é mọ́.” Ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì tún wọ̀ ọ́. “Mi ò bínú sí yín, sà.”

Mo rántí ìwé náà. Mo rántí pé mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi íǹkì pupa ṣe àtúnṣe ibi tí ó ti kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní àṣìkọ. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ọlọ́mọ ni ó kọjá lábẹ́ mi, gbogbo wọn ni mo sì fún ní òfin yìí, tí àwọn òbí wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo omi títí a fi gúnlẹ̀.

Mo dá ohùn wọn padà

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àkókò eré Bàbá Àgbà tó, mo gbé rìmóòtù, n kò pa ohùn. Mo jẹ́ kí àwọn iwin náà sọ ọ̀rọ̀ ara wọn. Yétúndé yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí padà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jókòó pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tí ó kù, èmi lórí àga, òun ní ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí èrò ọkọ̀ méjì tí wọn kò mọra.

Ní òwúrọ̀ tí mo ń bọ̀ nílé, ó wọ ìyẹ́ rẹ̀ láti sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀lẹsẹ̀ mi ti wà lórí àtẹ̀gùn kékeré yẹn, mo sì dúró. Mo dúró pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Fúnmi mọ ohun tí mo ń dúró dè. Ó wo ilẹ̀. Yétúndé fi ohùn oní-fìlà-ìyeyè sọ fún mi pé kí atẹ́gùn gbé mi rọra. Ìdágbére àwọn ará inú ìkòkò nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ti pé, kò tíì kí mi.

Ohun tí ó dé orí fóònù mi

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Fúnmi fi fídíò kan ránṣẹ́. Ó ní òun dédé wọlé ni òun bá Yétúndé níbẹ̀, ọmọ náà kò mọ̀ pé òun ń ya fídíò rẹ̀. Ọmọ náà wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó wọ ìyẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pa ohùn eré náà. Ó ń sọ̀rọ̀.

Mo wọ awò mi, mo gbé fóònù sún mọ́ etí. Yorùbá ni mo gbọ́. Ohùn ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń dúró sí àárín, gbogbo rẹ̀ sì wà ní ààyè rẹ̀, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ọmọ ọmọ Àlàbí. Wíwúwo fún alágbàtọ́jú idán, tínrín fún oní-fìlà-ìyeyè. Ohùn mi ni. Mo tún un gbọ́. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù, èmi tí mo ti ka ìwé èdè mẹ́ta láti ìgbà èwe mi, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo nínú ohun tí ọmọ náà ń sọ. Kò sí “bàbá,” kò sí “omi.” Ó kó gbogbo ohùn Yorùbá lọ, ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìparí fídíò náà, oní-fìlà-ìyeyè fò wọlé bá àgbàlagbà. Yétúndé tẹ orúnkún sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni gígùn kan, ìkíni tí kò ní ìtumọ̀, ó ń fà á, ó ń dúró bí ẹni tí ń béèrè ìyá, tí ń béèrè àwọn àbúrò. Àwòrán ti kọjá. Gbogbo wọn ti fò lọ, ojú tẹlifíṣọ̀n ti ṣófo, koríko nìkan ni ó kù níbẹ̀. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kí i.